Páìpù bẹ́ lóru: Ohun tó yẹ kí o ṣe kí plọ́mbà tó dé, àti bí o ṣe lè yan èyí tí kò ní rẹ́ ọ jẹ

Omi tó bẹ́ nínú ilé kì í dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Ó lè jẹ́ agogo méjì òru, ó lè jẹ́ ọjọ́ Àìkú tí gbogbo ilé ìtajà ti tì, ó sì lè jẹ́ òpin oṣù tí kò sí owó lọ́wọ́.

Láti Èkó dé Àbújá, láti Accra dé Kùtọ̀nú, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe: wọ́n á gbé fóònù, wọ́n á máa wá plọ́mbà káàkiri, omi á sì máa dà lọ.

Àmọ́ plọ́mbà tó yá jù lọ pàápàá lè lo wákàtí kan lójú ọ̀nà, pàápàá níbi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá wà. Páìpù tó ń tú lítà mẹ́wàá jáde ní ìṣẹ́jú kan á ti da lítà 600 sílẹ̀ láàrín wákàtí kan náà. Èyí ju ìdajì táńkì onílítà 1,000 lọ.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ohun tí ará ilé bá ṣe kí plọ́mbà tó dé ló máa ń sọ bóyá ìbàjẹ́ náà á mọ sórí páìpù kan, tàbí á kan bẹ́ẹ̀dì, àjà ilé, iná mànàmáná àti ìlera àwọn ọmọdé.

Èyí ni àlàyé lórí àwọn ìṣòro omi tó wọ́pọ̀ nínú ilé, èyí tí o lè fọwọ́ ara rẹ ṣe, èyí tó yẹ kí o pe plọ́mbà fún, àti bí wọn ò ṣe ní fi ìpayà rẹ gba owó lọ́wọ́ rẹ.

Mọ ọ̀nà tí omi ń gbà wọ ilé rẹ

Púpọ̀ nínú ìmọ̀ràn tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa páìpù wá láti ilẹ̀ olótùútù, níbi tí omi ti máa ń di yìnyín nínú páìpù, tí á sì fọ́ ọ. Ìyẹn kọ́ ni ìṣòro Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Níbí, oòrùn ló ń ba páìpù jẹ́. Páìpù PVC tó wà níta, tí oòrùn ń pa lójoojúmọ́, á máa gbó díẹ̀díẹ̀, títí tí kò fi ní lè gba ìkọlù kékeré mọ́. Àwọn ohun mìíràn tó tún ń fà á ni ohun èlò tí kò dára, ojú ìsopọ̀ tí wọn kò lẹ̀ dáadáa, àti pọ́ǹpù tó ń ti omi pẹ̀lú agbára tó ju èyí tí páìpù lè gbà lọ.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Nàìjíríà, àwọn ènìyàn ló ń pèsè omi fún ara wọn. Wọ́n á gbẹ́ borehole, ìyẹn kànga dẹ̀rọ, pọ́ǹpù á fa omi lọ sínú táńkì tó wà lókè, omi á sì máa ti ibẹ̀ wálẹ̀ sínú ilé.

Ní Kùtọ̀nú, Lomé, Abidjan tàbí Accra, ọ̀pọ̀ ilé ló ń gba omi láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ omi, bíi SONEB ní orílẹ̀-èdè Benin, TdE ní Togo, SODECI ní Côte d'Ivoire àti Ghana Water ní Ghana. Mítà ló sì ń ka iye omi tí wọ́n bá lò. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé tún ń gbé táńkì síta nítorí ọjọ́ tí omi kò bá wá. Àwọn ará Ghana ń pe irú táńkì bẹ́ẹ̀ ní Polytank.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Bí o bá ń lo borehole, tí o sì ti pa pọ́ǹpù, omi tó lè dà kò lè ju èyí tó wà nínú táńkì lọ. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ omi iléeṣẹ́ ló ń wọlé tààrà, kò ní dúró títí tí wàá fi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́: Ohun mẹ́fà tó yẹ kí o ṣe

1. Pa pọ́ǹpù. Bí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́ lọ, ńṣe ni yóò máa fi omi kún táńkì tí páìpù tó bẹ́ ń tú dànù.

2. Ti omi pa. Ohun tí wọ́n fi ń ti omi ni àwọn plọ́mbà ń pè ní stopcock, gate valve tàbí ball valve. Èyí tó tóbi máa ń wà nísàlẹ̀ táńkì, ní ibi tí páìpù ti ń jáde, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà omi. Bí ó bá ní orí róbótó, yí i sí ọwọ́ ọ̀tún títí yóò fi dúró. Bí ó bá ní ọwọ́ gígùn, fà á kó dábùú páìpù. Bí ó bá jẹ́ WC tàbí bésìnì nìkan ló ń jò, wo abẹ́ rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Fáàfù kékeré kan sábà máa ń wà níbẹ̀ tí o lè tì láì gba omi lẹ́nu gbogbo ilé.

3. Pa iná yàrá tí omi dé. Bí omi bá ń jò láti àjà sí ara gílóòbù, tàbí tó ti dé ibi sọ́kẹ́ẹ̀tì, pa iná láti ibi tí wọ́n ti ń pín in fún gbogbo ilé. Àmọ́ bí o bá ní láti gba inú omi kọjá kí o tó dé ibẹ̀, má ṣe lọ. Jáde síta, kí o sì pe oníṣẹ́ iná. Pa hítà omi náà pẹ̀lú, torí pé hítà tí omi ti tán nínú rẹ̀ lè jó bí iná bá ṣì wà lára rẹ̀.

4. Ṣí àwọn ẹ̀rọ omi tó wà nísàlẹ̀. Omi tó ṣẹ́kù sínú páìpù á gba ibẹ̀ jáde, kò sì ní gba ojú ibi tó bẹ́ mọ́. Gbe korobá sábẹ́ wọn. O máa nílò omi náà títí tí iṣẹ́ á fi parí.

5. Bí fáàfù kò bá yí, má ṣe fi òòlù lù ú. Fáàfù tí ẹnikẹ́ni kò yí fún ọdún púpọ̀ máa ń gan. Bí o bá fi agbára mú un, ó lè kán, ìṣòro kan á sì di méjì. Ṣí ẹ̀rọ omi tó wà níta gbangba kí táńkì lè gba ibẹ̀ tán dípò inú ilé.

6. Ya fídíò. Ya ibi tó bẹ́, ohun tí omi ti bà jẹ́, àti bí páìpù ṣe tóbi tó. Plọ́mbà á lè mọ ohun tó yẹ kó mú wá, ìwọ náà á sì ní ẹ̀rí fún onílé.

Lẹ́yìn tí omi bá ti dúró, o lè fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ we ojú ibi tó là, kí o fi wáyà tàbí okùn dì í gírígírí. Àwọn ènìyàn ti ń lò ó tipẹ́, ó sì máa ń gbé ilé di àárọ̀. Àmọ́ ìfidíhẹ ni, kì í ṣe àtúnṣe. Bí o bá fi ilẹ̀ bò ó tàbí tí o rẹ́ ẹ mọ́ ògiri, ọjọ́ mìíràn ni o kàn sún un sí.

Èwo ni pàjáwìrì, èwo ló lè dúró di àárọ̀?

Owó plọ́mbà tí o bá pè lóru sábà máa ń ju ti ọ̀sán lọ. Nítorí náà, ó yẹ kí o mọ ìyàtọ̀.

Pe plọ́mbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí:

• omi bá ń dà tí o kò sì lè tì í pa

• omi bá ti dé ibi tí iná mànàmáná wà

• omi ìgbẹ́ bá ń padà wá sókè nínú WC tàbí nínú ilé ìwẹ̀

• àjà ilé bá ti rọ̀, tó sì ń wọ̀ sílẹ̀ nítorí omi

• hítà omi bá ń ru èéfín, tàbí tí ara ẹ̀rọ omi ń gbé iná mú ènìyàn. Èyí tún gba oníṣẹ́ iná, má sì ṣe fọwọ́ kan omi náà kí o tó pa iná.

Ó lè dúró di ọjọ́ kejì bí:

• ẹ̀rọ omi kan bá ń kán tó tó tó

• síǹkì kan ṣoṣo bá dí

• WC bá ń jò díẹ̀díẹ̀, àmọ́ tí o ti ti fáàfù rẹ̀

• omi kò bá ní agbára tó nínú yàrá kan.

Ìṣòro tó wọ́pọ̀ àti ohun tó ń fà á

Ẹ̀rọ omi tó ń kán

Ọ̀pọ̀ ìgbà, rọ́bà kékeré inú ẹ̀rọ omi tí àwọn plọ́mbà ń pè ní washer ló ti jẹ. Rọ́bà náà kì í wọ́n, àmọ́ àìbìkítà lórí rẹ̀ ló máa ń wọ́n.

Gbé kọ́ọ̀pù sábẹ́ ẹ̀rọ omi náà kí o wò ó. Bí ó bá gba lítà kan ní wákàtí kan, lítà 24 ni lójúmọ́, tí í ṣe lítà 720 láàrín ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ fa omi ti san owó epo lórí rẹ̀. Ẹni tó sì ń san owó mítà ti san án fún iléeṣẹ́ omi.

WC tó ń jò láìsí ariwo

Èyí ló máa ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ, torí pé omi kì í dà sílẹ̀. Ńṣe ló ń yọ́ láti inú táńkì WC lọ sínú àwo, tí á sì gba ibẹ̀ lọ.

Da àwọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì sínú táńkì WC lálẹ́, tàbí zobo tó ṣókùnkùn dáadáa. Má ṣe fọ WC náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí àwọ̀ náà bá hàn nínú àwo, rọ́bà tó wà nísàlẹ̀ táńkì ti bàjẹ́.

Omi tó ń lọ láìmọ ibi tó ń gbà

Bí ilé rẹ bá ní mítà, ti gbogbo ẹ̀rọ omi, kọ nọ́ńbà tó wà lójú mítà sílẹ̀, kí o sì padà wò ó lẹ́yìn wákàtí méjì. Bí nọ́ńbà náà bá ti yí, omi ń jò níbì kan.

Bí ó bá jẹ́ táńkì ni, kún un lálẹ́, pa pọ́ǹpù, kí o sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí omi dé. Wò ó ní àárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lo omi. Ọ̀dà tó ń wú lára ògiri, ìsàlẹ̀ ògiri tó ń tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tàbí ibì kan nínú àgbàlá tí koríko rẹ̀ kì í gbẹ, máa ń tọ́ka sí ibi tí ó ti ń jò.

Táńkì tó ń ṣàn lẹ́nu

Bọ́ọ̀lù tó wà lójú omi ló yẹ kó ti omi pa nígbà tí táńkì bá kún. Bí bọ́ọ̀lù náà bá lu, tí omi wọ inú rẹ̀, kò ní lè léfòó mọ́, omi á sì máa wọlé lọ. Bí pọ́ǹpù rẹ bá ń dá pa fúnra rẹ̀, wò bóyá ohun tó ń pa á ṣì ń ṣiṣẹ́.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òdìkejì rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Omi inú kànga á lọ sílẹ̀, pọ́ǹpù á máa yí láìsí omi, á sì jó. Bí o bá rí i pé afẹ́fẹ́ àti yanrìn ló ń jáde, pa á.

Omi tí kò lágbára

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni páìpù ló dí. Gíga táńkì ló ń fún omi lágbára: gíga mítà mẹ́wàá ló ń fún un ní agbára tó tó bar 1. Nítorí náà, táńkì tó fi mítà méjì péré ga ju ṣáwà lọ kò lè fún un ju bar 0.2 lọ. Kò sí àtúnṣe páìpù kankan tó lè yí ìyẹn padà, àfi kí wọ́n gbé táńkì sókè sí i tàbí kí wọ́n fi pọ́ǹpù kékeré kún un.

Bí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tán nínú táńkì tí wọ́n sì tún un kún, afẹ́fẹ́ lè há sínú páìpù. Ẹ̀rọ omi á máa wúkọ́, omi á máa wá díẹ̀díẹ̀. Ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi, bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó wà nísàlẹ̀ jù, kí o sì jẹ́ kí ó máa ṣàn fún ìgbà díẹ̀ kí o tó ná owó kankan.

Síǹkì tàbí WC tó dí

Òróró àti ọ̀rá ọbẹ̀ tó dì ló máa ń dí síǹkì ilé ìdáná, tí ìrẹsì àti ẹ̀bà á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ní ilé ìwẹ̀, irun ni. Nínú WC, páàdì tí àwọn obìnrin ń lò, ìléda ọmọ àti bébà ìnudìí tó nípọn ló sábà máa ń fà á.

Kọ́kọ́ lo rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìdọ̀tí sókè, ìyẹn plunger. Bí ó bá jẹ́ síǹkì, gbé korobá sábẹ́ rẹ̀, kí o tú kọ̀rọ̀ páìpù tó tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí o sì fọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni.

Ṣọ́ra fún kẹ́míkà. Kọ́sítíìkì sódà máa ń gbóná gan-an bí ó bá kan omi, ó sì lè ta sí ojú tàbí ara. Bákan náà, má ṣe da blíìṣì, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Hypo, pọ̀ mọ́ kẹ́míkà olómi kíkan tí wọ́n fi ń fọ WC. Gáàsì olóró ló máa ń jáde láti inú rẹ̀, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ nínú ilé ìwẹ̀ tí kò ní fèrèsé tó ṣí.

Bí o bá ti da kẹ́míkà sínú rẹ̀ kí plọ́mbà tó dé, sọ fún un. Ojú rẹ̀ ló máa sún mọ́ ọn.

Nígbà tó bá jẹ́ sókàwéè ló kún

Bí síǹkì, ilé ìwẹ̀ àti WC bá bẹ̀rẹ̀ sí fà lẹ́ẹ̀kan náà, tí WC ń hó gọ́ọ́gọ́ọ́ nígbà tí wọ́n bá da omi sínú bésìnì, ìṣòro náà kò sí nínú ilé mọ́. Ó ṣeé ṣe kí ihò ẹ̀gbin tàbí sókàwéè ti kún. Ó máa ń wọ́pọ̀ nígbà òjò, nígbà tí ilẹ̀ ti mu omi yó.

Ọkọ̀ tó ń fa ẹ̀gbin ni o nílò. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ inú ihò náà, ì báà jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ní ìrírí. Gáàsì inú rẹ̀ lè mú kí ènìyàn dákú lójijì kó tó lè kígbe, ẹni tó bá sì bẹ́ sínú rẹ̀ láti gbà á là máa ń bá a lọ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti kànga tí wọ́n fi jẹnẹrétọ̀ sínú rẹ̀ tàbí sẹ́bàá rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ṣubú sínú rẹ̀, pe àwọn panápaná.

Ewu tí ojú kò rí: omi ìdọ̀tí tó wọ omi mímu

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, páìpù omi máa ń gba inú gọ́tà kọjá. Bí páìpù bá là, omi mímọ́ á máa jáde nígbà tí agbára bá wà nínú rẹ̀. Àmọ́ bí omi bá lọ, páìpù náà lè fa omi gọ́tà wọlé. Ẹni tó bá ṣí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn náà kò ní mọ̀.

Omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kó sí ni àrùn kọ́lẹ́rà máa ń gbà tàn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àrùn náà ti bẹ́ sílẹ̀, tó sì gba ẹ̀mí àwọn ènìyàn.

Borehole náà kò bọ́ nínú ewu. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí kànga tàbí borehole jìnnà tó mítà 30 sí sókàwéè. Àmọ́ plọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 kò gùn ju mítà 36 lọ, ìdajì plọ́ọ̀tì kò sì ju mítà 18 sí mítà 18 lọ. Ó túmọ̀ sí pé sókàwéè aládùúgbò lè sún mọ́ borehole rẹ ju tìrẹ gan-an lọ.

Nítorí náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá tún páìpù ṣe, jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ ṣàn dànù títí tí yóò fi mọ́. Bí ó bá ní àwọ̀ tàbí òórùn, sè é kí ó hó dáadáa kí o tó mu ún, kí o má sì fún ọmọdé ní omi náà láìsè é.

Bí o ṣe lè yan plọ́mbà

Òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Bákan náà ni pàjáwìrì ṣe ń kó ènìyàn lé ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ gbé fóònù. Ìgbà tí kò sí wàhálà ló dára jù láti wá plọ́mbà.

Bi àwọn aládùúgbò léèrè ẹni tó ṣe tiwọn, kí o sì béèrè ìbéèrè kejì: ṣé ibi tó tún ṣe kò tíì jò láti ìgbà náà? Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ohun èlò omi ní àdúgbò pẹ̀lú. Ó mọ ẹni tó ń ra ojúlówó àti ẹni tó ń ra gbàrọgùdù.

Ní Nàìjíríà, plọ́mbà lè ní ìwé ẹ̀rí Trade Test ti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ní Ghana, ìwé ẹ̀rí NVTI wà, ní Benin, wọ́n ní CQM. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ láti Benin, Togo àti Ghana náà ló ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ìwé ẹ̀rí dára, àmọ́ ọ̀gá púpọ̀ ló kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá láì ní ìwé. Iṣẹ́ tí ó ti ṣe tí kò jò ni ẹ̀rí tó lágbára jù.

Kí ó tó kúrò nílé rẹ̀, béèrè nǹkan wọ̀nyí lórí fóònù:

• Èló ni owó ọkọ̀ àti owó àyẹ̀wò, ṣé yóò sì yọ ọ́ kúrò bí mo bá gbé iṣẹ́ náà fún ọ?

• Èló ni owó òru fi ju ti ọ̀sán lọ?

• Ṣé o ní irinṣẹ́ fún irú páìpù yìí? Páìpù PVC ni wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní PPR gba ẹ̀rọ tó ń gbóná.

• Ìgbà wo ni wàá dé?

Má ṣe fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí o kò mọ̀ rí, tí o kàn rí nọ́ńbà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó tó fojú kan iṣẹ́ náà. Bí ó bá jẹ́ òru, jẹ́ kí aládùúgbò tàbí ẹ̀ṣọ́ ilé mọ̀ pé àlejò ń bọ̀, kí o má sì dá nìkan wà pẹ̀lú rẹ̀.

Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́

Jẹ́ kó fi ibi tó bàjẹ́ hàn ọ́, kó sì ṣàlàyé ohun tó fà á. Bí ó bá ní kí o pààrọ̀ gbogbo páìpù ilé nítorí ojú kan tó là, ní kó ti omi pa ní ibi kan náà lóru yẹn. Pe ẹlòmíràn wá wò ó ní ọ̀sán. Ìpayà kò yẹ kó jẹ́ ohun tó ń fọwọ́ sí iṣẹ́ ńlá.

Pín owó náà sí mẹ́ta: owó ohun èlò, owó iṣẹ́, owó ọkọ̀. Àárín owó ohun èlò ni àfikún sábà máa ń sá pamọ́ sí. Lọ rà á pẹ̀lú rẹ̀, tàbí kí o gba rìsíìtì, tàbí kí o pe olùtajà náà lórí fóònù. Bẹ́ẹ̀ náà, má ṣe fúnra rẹ ra èyí tó pọ́ọ́kú jù kí o wá di ẹ̀bi ru plọ́mbà lọ́jọ́ kejì.

O lè san owó ohun èlò ṣáájú. Fi owó iṣẹ́ sílẹ̀ títí tí yóò fi parí. Kọ iye tí ẹ jọ fi ẹnu kò sí ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kódà bí ẹ bá wà nínú yàrá kan náà.

Kí ó tó lọ

Gba ohun tó bàjẹ́ tó yọ kúrò, kí o sì wò ó. Ṣí omi, kí o fi bébà ìnujú gbígbẹ nu ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bébà á fi ibi tó ń yọ́ hàn kí ojú tó rí i. Fọ WC lẹ́ẹ̀marùn-ún. Dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bí ó bá ṣeé ṣe.

Bí ó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ páìpù, béèrè iye wákàtí tó gbọ́dọ̀ fi gbẹ kí o tó ṣí omi. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó dára ló ti bàjẹ́ nítorí pé ará ilé kò ní sùúrù.

Fohùn ṣọ̀kan lórí iye ọjọ́ tí yóò fi padà wá lọ́fẹ̀ẹ́ bí ojú ibẹ̀ bá tún jò. Kí o sì san owó rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí iṣẹ́ bá dára. Plọ́mbà tí ènìyàn ti fi owó rẹ̀ ṣeré kì í gbé fóònù lóru.

Ta ló yẹ kó sanwó, onílé ni tàbí ayálégbé?

Ìwé àdéhùn ilé ni kí o kọ́kọ́ wò. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, òfin ilé gbígbé ti ọdún 2011 gbé àtúnṣe ìta ilé àti ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò lé onílé lọ́wọ́. Ayálégbé ló ní kó tọ́jú inú ilé, àyàfi ohun tó gbó fúnra rẹ̀. Àmọ́ òfin náà yọ Apapa, Ikoyi, Victoria Island àti GRA Ikeja sílẹ̀.

Èyí túmọ̀ sí pé táńkì, borehole, páìpù ìta àti sókàwéè tí gbogbo ilé jọ ń lò sábà máa ń jẹ́ ti onílé. Páàdì tí o jù sínú WC, ọwọ́ ara rẹ ni. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ló ń dá ìjà sílẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí fídíò àti rìsíìtì fi ṣe pàtàkì. Fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí onílé kí o tó ná owó, kódà bí ó bá jẹ́ òru.

Bí plọ́mbà bá gba owó tí kò sì ṣe iṣẹ́ tó ní òun á ṣe, òfin FCCPA ti ọdún 2018 fún oníbàárà ní Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tó péye, tí wọ́n sì ṣe lásìkò. Ní Èkó, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2018, máa ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ.

Ohun tó yẹ kí o ṣe lónìí, kí páìpù tó bẹ́

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Iṣẹ́ wọ̀nyí kò gbà ju wákàtí kan lọ:

• Wá fáàfù tó ń ti omi gbogbo ilé. Tì í, ṣí i, kí o sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà kó má baà gan.

• Fi ọ̀dà pupa sàmì sí i, kí o sì fi han gbogbo ará ilé, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀ àti àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀.

• Bí kò bá sí fáàfù lẹ́nu táńkì, jẹ́ kí plọ́mbà fi ọ̀kan sí i. Lára iṣẹ́ omi, kò sí èyí tí owó rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tó ń gba ilé là tó bẹ́ẹ̀.

• Fi ọ̀dà kun páìpù PVC tó wà nínú oòrùn, tàbí kí o bò ó.

• Kó rọ́bà táyà, wáyà, sípánà kan àti tọ́ọ̀ṣì sí ibì kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀.

• Tọ́jú nọ́ńbà plọ́mbà méjì àti ti oníṣẹ́ iná kan. Kọ wọ́n sára ògiri pẹ̀lú, torí pé fóònù náà lè kú lóru.

Ẹni tó bá mọ ibi tí fáàfù ilé rẹ̀ wà kò ní bá plọ́mbà ná owó nínú omi. Yóò ti pa omi, yóò sì ti jókòó, kí plọ́mbà tó kan ilẹ̀kùn.